A Ti Rí Eegun

Eegun èèyàn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nílùú òyìnbó. Inú ike funfun kan tó ní ìdérí ló wà, irú èyí tí wọ́n fi ń ta áísìkirimù, wọ́n sì kó yìnyín yí i ká. Orí eegun itan ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gé e lára ìyá arúgbó kan, tí wọ́n fi irin dípò rẹ̀, ìyá náà sì ti fọwọ́ síwèé pé ká máa fi ṣèwádìí. Ọ̀gá mi, obìnrin gíga kan tó ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì, ní kí n ṣí i kí n fọ mùdùnmúdùn inú rẹ̀ jáde. Kí n tó ṣí i, mo rọra ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà." Hẹ́lẹ́nì bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tó ni ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, inú mi ni mo ti ń kí wọn.

Ní Ìpele tí mo dàgbà sí, ìlú àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ẹni tó bá ń fọwọ́ kan eegun èèyàn máa ní àlàyé ṣe. Èmi wá rèé, tí mò ń fi síbí gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ àgbọn. Mo sọ ọ́ fún Bàbá mi lórí fóònù. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan àfi àṣìkọ. Wọ́n ní, "Ṣé o wọ ìbọ̀wọ́?" Mo ní mo wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Dókítà."

Dókítà ni wọ́n sọ mí dà láti ọjọ́ tí ìwé ìgbàwọlé mi ti dé. Mo ṣàlàyé títí pé irú dókítà tí mo fẹ́ dà kì í wo aláìsàn, pé ìwé ni mo fẹ́ kà. Wọ́n ní gbogbo dókítà ló ń kàwé. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́, olùkọ́ ni wọ́n. Ká má purọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi. Níbi tí mo wà, kò sí ẹni tó lè pe orúkọ tí wọ́n sọ mí. Wọ́n gé e kù sí lẹ́tà mẹ́ta, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ìgbà tí mo bá pe ilé nìkan ni mo ń di odindi èèyàn.

Eegun ò bà mí lẹ́rù tó ìdákẹ́jẹ́ ilé tí mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo pàdé baba tó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i, mo ní ara ńkọ́, ará ilé ńkọ́, ṣé ó sùn dáadáa. Baba náà dúró, ó ní ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni. Mo ní rárá, mo kàn ń kí i ni. Ó ní kò sí wàhálà, ó sì yára wọlé lọ. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á dúró kí n kọjá kó tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà náà ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Tí mo bá wà ní ìsinmi, ọjọ́ mẹ́ta lè lọ láìjẹ́ pé mo gbóhùn ara mi.

Iṣẹ́ tó gbé mi wá kò ṣòro láti sọ. Nínú mùdùnmúdùn eegun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Wọ́n lè di ọ̀rá, wọ́n sì lè di eegun. A máa ń yọ wọ́n, a ó gbé wọn lé orí ike tí àwa fúnra wa sè ní láàbù, ike tó ní ihò wínníwínní bíi kànìnkànìn. Bí ike náà bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n á ká jọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á di ọ̀rá. Bó bá le, tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, wọ́n á nà tàntàn, wọ́n á dì í mú, bó bá sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó èròjà líle tó ń sọ eegun di eegun jọ. Ibi tí a bá gbé wọn lé ló ń sọ ohun tí wọ́n máa dà fún wọn. Hẹ́lẹ́nì fẹ́ràn láti máa sọ pé sẹ́ẹ̀lì kì í ní ilé, pé ohun tó bá ti fọwọ́ kàn nilé rẹ̀.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo sì máa ń bá Hẹ́lẹ́nì jà lọ́kàn mi. Ará Àkókó ni Bàbá. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé wọn lọ sí Ifọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn wá sí Ìpele, wọ́n fẹ́ màmá mi níbẹ̀, wọ́n kọ́ilé síbẹ̀, ogójì ọdún kọjá, wọ́n ṣì ń pè wọ́n ní Tíṣà ará Àkókó. Wọn ò sọ èdè ìyá wa rí. Bí èmi àti Fúnmi àbúrò mi bá ní "ulé", wọ́n á ní, "Ilé ni." Bí a bá ní "ọghọ́", wọ́n á ní, "Ọwọ́ ni, ẹ má bà á jẹ́ níwájú mi." Ọdún tí Màmá kú, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún alábàágbé kan pé kò sí ẹnì kankan ní ulé. Wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́. Ogójì ọdún kí ìlú kan tó wọ èèyàn lẹ́nu, ikú ló sì tún mú un wọlé. Hẹ́lẹ́nì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti tó.

Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta là ń pààrọ̀ oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì mọ ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Ìpele, èmi nìkan á wà ní láàbù, tí mò ń fún ohun tí mi ò lè fi ojú lásán rí lóúnjẹ. Kò sí ẹni tó ń bi èmi bóyá mo ti jẹun àfi Bàbá.

Ọdún kejì mi ni ọ̀kadà gbé Bàbá ṣubú lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Fúnmi ló pè mí. Òun àti Bàbá ni wọ́n jọ ń gbé, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní eegun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún ló dá, ó yọ síta, ègé kan sì já sọnù sínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Àwọn dókítà ní Ọ̀wọ̀ fọ ọ́, wọ́n fi irin gbé e dúró láti ìta. Ojú ẹran jiná. Eegun ò jiná, nítorí àlàfo ti wà níbi tí ègé yẹn já kúrò, orí méjèèjì kò sì kan ara wọn. Mo fẹ́ lọ sílé. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, bí mo bá jáde, mi ò ní lè padà wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn dókítà ní ọ̀nà kan wà. Wọ́n á gé lára eegun ìbàdí Bàbá, wọ́n á fi dí àlàfo náà. Bàbá ní kí wọ́n fún àwọn láyè ná.

Àárín ìgbà yẹn ni ike mi ṣiṣẹ́. Oṣù mọ́kànlá ni mo ti ń sè é. Ó ti rọ̀ jù, ó ti gan jù, ó ti yọ́ dànù sínú omi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo da aró pupa tá a fi ń dán sẹ́ẹ̀lì wò sí i, mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá sí eegun níbẹ̀, aró náà á bá omi lọ. Kò lọ. Ó mú, ó pọ́n káàkiri ojú ike náà bí ìgbà tí wọ́n bá wọ́n epo pupa sórí iṣu. Hẹ́lẹ́nì wo inú maikirosíkóòpù, ó yíjú padà, ó gbá mi mọ́ra. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni gbá mi mọ́ra kẹ́yìn. Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe Bàbá.

"Bàbá, a ti rí eegun."

"Ẹ ti rí i?"

"A ti rí i, sà. Ó pẹ́ ká tó rí i, àmọ́ a ti rí i."

"Lórí ike tó ò ń sè yẹn náà?"

"Lórí ẹ̀ náà ni."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé eegun èèyàn ni?"

"Eegun èèyàn ni, sà."

"Ọlọ́run ṣeun. Mo mọ̀ pé o máa rí i. O ṣé gan-an, Dókítà."

Ó yẹ kí ọpẹ́ yẹn ta mí lólobó. Kí ni wọ́n ń dúpẹ́ fún? Mo ti ro ọ̀rọ̀ kékeré yẹn títí orí fi ń fọ́ mi. Lédè wa, ẹni tó ní òun rí nǹkan lè jẹ́ pé ojú ló fi rí i, ó sì lè jẹ́ pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ní òun ti rí iṣẹ́ kò sọ pé iṣẹ́ gba iwájú òun kọjá. Ẹni tó ní òun ti rí yàrá ti ń di ẹrù. Ohun tí èmi rí ni àmì pupa tín-ín-tìn-ìn nínú maikirosíkóòpù. Ohun tí Bàbá gbọ́ ni pé eegun ti wà nílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ohùn wọn yàtọ̀. Bí mo bá pè, wọn ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. "Eegun wa ńkọ́?" Mo máa ní, "Ó wà, sà." "Ṣé ó ń jẹun?" "Ó ń jẹun jù mí lọ." A ó rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni mo kà á sí, Bàbá sì mọ àwàdà ṣe. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ṣé àwọn ọkọ̀ òfuurufú máa gbà kí wọ́n gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Mo ní a máa gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Mo gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀rín yẹn tí kì í ṣe ẹ̀rín, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Fúnmi ló tú u síta. Ó pè mí láti ọsibítù lọ́jọ́ Ajé kan.

"Ẹ̀gbọ́n, inú ń bí dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá ọjọ́ fún Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ní kí wọ́n sún un síwájú. Ibi tí irin gbà wọlé ti ń ṣọyún."

"Kí ló dé tí wọ́n ń sún un?"

"Wọ́n ní ẹ ti rí eegun. Wọ́n ní ẹ máa fi ránṣẹ́. Gbogbo aghọn tó ń wá kí wa n'ulé ni wọ́n ń sọ ọ́ fún." Bí ẹ̀rù bá ba Fúnmi, èdè ìyá wa ló ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Dókítà bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní mo máa bi yín."

Mi ò rántí ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàbù, tí àwọn èèyàn ń tẹ ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kí n tó pe Bàbá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi eegun ìbàdí yín dí i."

"Kí wọ́n sọ ọgbẹ́ kan di méjì sí mi lára? Tìrẹ ńkọ́?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, sà. Ó kéré ni."

"Kéré báwo?"

"Ó kéré gan-an."

"Ó máa dàgbà." Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní ìṣirò. "Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n bí ọ, ìyá rẹ ní o ò tó gbé lọ́wọ́. Máa fún un lóúnjẹ. Èmi ò kánjú."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù tí ó yẹ kí n sọ. Bàbá, kò sí eegun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín, ohun tí mò ń ṣe lè má wọ ara ẹnì kankan títí tí n ó fi darúgbó. Ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ara wọn ṣe yá gágá, mo sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Bí mo bá sọ ọ́, mi ò ní jẹ́ Dókítà mọ́ ní ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń jẹ́ ẹ. Mo ní, "Ó dáa, sà." Ojú ń tì mí títí dòní pé ohun tí mo sọ nìyẹn.

Mo ní kí Fúnmi bá mi bẹ̀ wọ́n. Bàbá dá a lóhùn pé Dókítà ti bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, lẹ́sẹẹsẹ, ó di ìlà mẹ́fà, mo ní bó bá di ọjọ́ Àìkú, tí mo bá fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ tán, n ó kà á fún wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ibà gbé wọn dè. Fúnmi gba mọ́tò gbé wọn lọ sí Ọ̀wọ̀. Àwọn dókítà ní oró ọgbẹ́ náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ Àìkú ni Fúnmi gbé fóònù sí wọn létí. Ohùn wọn ti di tín-ín-rín.

"Dókítà, wọ́n ti gé e."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Má bínú. Mi ò lè dúró dè ọ́ mọ́. Eegun yẹn, bó bá ti dàgbà, ẹ fi fún ẹlòmíràn. Kó má ṣòfò."

Ìwé onílà mẹ́fà náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n sinmi, pé a ó tún sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n kú.

Ìwé ìgbélùú mi kò tíì padà dé, orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú náà. Àwọn ẹbí láti Àkókó ti kọ́kọ́ ní àwọn máa gbé òkú àwọn lọ sílé, ṣùgbọ́n Bàbá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ Màmá ni kí wọ́n tẹ́ àwọn sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Mo rí iyẹ̀pẹ̀, mo rí bàtà àwọn èèyàn, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sunkún Tíṣà. Nígbà tí ó fi máa padà dúró, wọ́n ti bo sàréè. Ní ọjọ́ kejì mo lọ fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ, nítorí ọjọ́ oúnjẹ wọn ti pé.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ mí di dókítà lóòótọ́. Àwọn olùkọ́ méjì bi mí léèrè fún wákàtí mẹ́ta lórí ike àti sẹ́ẹ̀lì, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Hẹ́lẹ́nì ra kéèkì. Ó gbé ife sókè, ó pè mí ní Dókítà níwájú gbogbo wọn, mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo sì lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí wọ́n fi jẹ kéèkì náà tán. Mo ti fẹ́ orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó dé, ẹni tí mo fẹ́ ẹ fún ti lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Fúnmi ń palẹ̀ yàrá Bàbá mọ́. Ó fi fídíò pè mí. Ó ní òun rí ìwé ìkọ̀wé kan, irú ti ọmọ ilé ìwé, lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, pé orúkọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ojú ewé rẹ̀ sún mọ́ fóònù. Bàbá ti ya ojúgun kan síbẹ̀, ìlà rẹ̀ gún régé, orí eegun méjì dojú kọ ara wọn, wọ́n sì fi bírò pupa kun àárín wọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ni mo rí lábẹ́ rẹ̀, gbogbo àmì ohùn pé síbẹ̀. Fúnmi kà á fún mi.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fún Dókítà. Àlàfo náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Orí fíìmù ọsibítù ni mo ti wọ̀n ọ́n, mo sì tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣòro láti ṣe é kó gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é ní mẹ́ta. N ó máa tiro díẹ̀, kò burú. Má dààmú ara rẹ."

Ó pa ìwé náà dé. Kò sunkún, ojú fóònù ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ rí yẹn, báwo ló ṣe gùn tó?"

"Kò tó orí abẹ́rẹ́."

"Bàbá mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ẹ ò sọ fún wọn?"

Mo ní, "Mi ò sọ fún wọn."